Àwọn Ọjọ́ Tí Sókótó àti Ilẹ̀ Yorùbá Jọ Ní Nínú Ìtàn

Bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn Nàìjíríà sórí kàlẹ́ńdà, tí a gbé ọdún tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a wo oṣù àti ọjọ́ nìkan, a ó rí i pé ọ̀ràn ńlá ti bọ́ sí ọjọ́ kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹta ni àwọn òyìnbó gba ìlú Sókótó ní 1903. Ọjọ́ yẹn náà ni Àríwá gba ìjọba ara-ẹni ní 1959. Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní ni àwọn ológun pa Sàdáúnà Sókótó àti Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1966; ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ogun abẹ́lé ti parí ní 1970. Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọjọ́ 29, oṣù Keje àti ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ náà ní ìtàn tiwọn.

Púpọ̀ nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ló kan Sókótó àti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wà ní ìkángun àríwá, tí èkejì sì wà ní gúúsù. Èyí tí ó ṣe kòńgẹ́ lásán wà nínú wọn. Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, ó ní láti mọ ohun tó ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹta: 1903 àti 1959

Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, ló tẹ Sókótó dó ní 1809, nígbà tí jìháàdì tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ti borí àwọn ọba Haúsá tó pọ̀ jùlọ. Láti ibẹ̀ ni Súlútánì ti ń darí ìjọba kan tó gbòòrò dé ààlà ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba náà pín sí apá méjì: Sókótó ń bójú tó ìlà-oòrùn, Gwandu sì ń bójú tó ìwọ̀-oòrùn. Abẹ́ Gwandu ni Ìlọrin wà. Nípa bẹ́ẹ̀, kí òyìnbó tó dé rárá, ìlú Yorùbá kan ti wà lábẹ́ ọ̀págun Sókótó, àwọn ìlú Yorùbá mìíràn sì ti bá àwọn ọmọ ogun Ìlọrin fìjà pẹẹ́ta. Ogun Òṣogbo ti 1840, níbi tí àwọn ará Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, ló dá ìtẹ̀síwájú wọn sí gúúsù dúró.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso ilẹ̀ àríwá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company. Frederick Lugard di alákòóso rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Lórí ìwé nìkan ni àkóso náà kọ́kọ́ wà, nítorí Súlútánì kò gbà á. Ní oṣù Kẹwàá 1902, wọ́n pa ọ̀gágun òyìnbó kan, Moloney, ní Keffi. Magaji Keffi tí wọ́n ń wá nítorí ikú náà sá lọ sí Kánò, Kánò sì gbà á sílé. Èyí ni Lugard dì mú gẹ́gẹ́ bí ìdí láti gbógun lọ. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Kánò ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1903. Ẹmíà Kánò, Aliyu, kò sí nílé nígbà náà. Ó ti lọ sí Sókótó.

Súlútánì Attahiru kò tíì pé ọdún kan lórí oyè nígbà tí ogun dé ẹnu odi ìlú rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, àwọn ọmọ ogun òyìnbó tò ní igun mẹ́rin lórí pápá tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim kalẹ̀, wọ́n sì ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn já lù wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, pẹ̀lú ọ̀kọ̀, idà, ọfà àti ìbọn ìbílẹ̀. Ìdí ọ̀págun Súlútánì ni ìjà ti le jùlọ. Bí ẹni tó gbé e bá ṣubú, òmíràn á gbà á, títí tí àwọn tó yí i ká fi tán. Ogun náà kò pẹ́ rárá. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Sókótó ti bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó, Attahiru sì ti jáde nílùú pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi kún un pé díẹ̀ ni òyìnbó nínú àwọn tó gba Sókótó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force tí Lugard dá sílẹ̀, Haúsá, Núpé àti Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Lugard fi Attahiru kejì jẹ Súlútánì. Ó sọ fún àwọn ìjòyè pé àṣẹ tí àwọn Fúlàní fi ogun gbà ti kọjá sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n pé ìjọba kò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn. Attahiru àkọ́kọ́ ń lọ sí ìlà-oòrùn, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú, títí wọ́n fi pa á ní Burmi ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1903.

Ohun tó ti ọjọ́ náà wá kò mọ sí Sókótó. Ìjọba tí òyìnbó ń gba ọwọ́ ọba àti ẹmíà ṣe ni Lugard fi ń darí Àríwá. Nígbà tí ó da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1914, ó gbé ètò náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àṣẹ ọba ní ilẹ̀ Yorùbá kò rí bíi ti ẹmíà, nítorí ọba kì í dá ṣe láìsí àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwọn ènìyàn Ìsẹ́yìn dìde ní 1916; ní 1918, owó orí àti iṣẹ́ tipátipá wà lára ohun tó dá Ogun Adùbí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá ń ka ìtàn Adùbí láìwo Sókótó, apá kan nínú ìdí rẹ̀ ló ń kà.

Ọdún 56 kọjá. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1959, Ẹkùn Àríwá gba ìjọba ara-ẹni. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn ti gba tiwọn ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 1957. Inú oṣù Ramadan ni ọjọ́ ti Àríwá bọ́ sí, nítorí náà oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó ṣe àjọyọ̀ ńlá ní Kàdúná, níbi tí àwọn ẹmíà ti kó ẹlẹ́ṣin wá. Olórí ìjọba tuntun náà ni Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó. Muhammad Bello tó tẹ Sókótó dó ló bí bàbá-bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rí ogun 1903 ti di ẹni ọdún 66 lọ́jọ́ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tíì tán ní Sókótó.

Kàdúná àti Ìbàdàn

Ọdún 1910 ni wọ́n bí Ahmadu Bello, ní Rabah nítòsí Sókótó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ahmadu Bello lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Sókótó, ó sì di olórí àdúgbò Rabah ní 1934. Ní 1938 ó du oyè Súlútánì, ṣùgbọ́n Siddiq Abubakar ni wọ́n fi jẹ. Súlútánì tuntun náà fi í jẹ Sàdáúnà, ó sì rán an lọ sí Gusau láti máa bójú tó apá ìlà-oòrùn. Akíntọ́lá ní tirẹ̀ ṣe olùkọ́, ó ṣe oníwèé-ìròyìn, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú òyìnbó, ó sì darí wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ọ̀tá ni Sàdáúnà àti Akíntọ́lá kọ́kọ́ jẹ́ sí ara wọn nínú òṣèlú. Nígbà tí Anthony Enahoro dá àbá ní 1953 pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956, Sàdáúnà kọ̀, ó ní kí ó jẹ́ ìgbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Action Group fẹ́ lọ polongo ní Kánò, Akíntọ́lá ló sì ṣáájú wọn. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ mú ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ìyapa inú Action Group ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Akíntọ́lá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kejìlá 1959, Awólọ́wọ̀ sì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Ní 1962 àárín àwọn méjèèjì dàrú pátápátá. Lára ohun tó fà á ni pé Akíntọ́lá gbà pé kí Ìwọ̀-Oòrùn bá Àríwá tó wà lórí àlééfà rẹ́, Awólọ́wọ̀ kò sì gbà. Ìjà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún. Nígbà tí ó yá, Akíntọ́lá padà sí ipò rẹ̀, wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n. Ní 1964 ni Akíntọ́lá di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, NNDP, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀, fọwọ́ so pọ̀ mọ́ NPC, ẹgbẹ́ òṣèlú Sàdáúnà, fún ìdìbò àpapọ̀.

Ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 1965 ló da ilé rú. Àwọn alátakò ní wọ́n ṣe màgòmágó, Dẹ́mọ̀ sì ní òun ló wọlé. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ọkọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń sun wọ́n. Wẹ́tìẹ̀ ni àwọn ènìyàn sọ àsìkò náà.

Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966

Ní ọjọ́ 11 àti 12, oṣù Kìn-ín-ní, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ṣe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀ràn Rhodesia. Abubakar Tafawa Balewa, Mínísítà Àgbà, ló gbà wọ́n lálejò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìpàdé náà kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí àlejò kún yìí ni iná ń jó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ 14, Akíntọ́lá wọ bàálù lọ sí Kàdúná láti rí Sàdáúnà, tí kò tíì pẹ́ tó ti Mẹ́kà dé. Ó padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ìpàdé wọn ìkẹyìn nìyẹn.

Ní Kàdúná, Méjọ̀ Chukwuma Kaduna Nzeogwu ti ń kó àwọn ọmọ ogun jáde lóru fún ìdánrawò kan tí wọ́n pè ní Damisa. Nítorí náà, kò sí ẹni tó fura nígbà tí wọ́n tún jáde ní òru ọjọ́ 14 mọ́ ọjọ́ 15, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun fúnra wọn kò sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Wọ́n kọlu ilé Sàdáúnà, wọ́n sì pa á. Hafsatu, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, bá a kú. Ní ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlégún, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó wà ní Àríwá, pẹ̀lú aya rẹ̀, àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀ìndé. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ọ̀gágun méjèèjì.

Ní Ìbàdàn, Kápútẹ̀nì Emmanuel Nwobosi kó àwọn ọmọ ogun wá láti Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́kọ́ mú Rẹ̀mí Fáni-Káyọ̀dé, igbákejì Olórí Ìjọba, nílé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ilé Akíntọ́lá. Akíntọ́lá yìnbọn fún wọn láti inú ilé. Nígbà tí ó jáde, wọ́n pa á. Ní Èkó, Méjọ̀ Emmanuel Ifeajuna àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Balewa àti Festus Okotie-Eboh, mínísítà ìṣúná, lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n tó rí òkú wọn lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọ́n pa Bìrìgédíà Zakariya Maimalari, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Kur Mohammed, àti àwọn Lẹ́fútẹ́nántì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Abogo Largema, James Pam àti Arthur Unegbe.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Nzeogwu sọ̀rọ̀ lórí rédíò Kàdúná pé àwọn ti gba ìjọba. Àríwá nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, ti kó àwọn ọmọ ogun jọ ní Èkó, ìdìtẹ̀ náà sì ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 16, àwọn mínísítà tó kù fi ìjọba lé Ironsi lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn gbà rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn, wẹ́tìẹ̀ dúró, àwọn ènìyàn sì jó nígboro. Ní Sókótó àti káàkiri Àríwá, ohun tí wọ́n kà ni orúkọ àwọn òkú: olórí ìjọba méjì, Mínísítà Àgbà, àti àwọn ọ̀gá ológun Àríwá. Àwọn olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn àti ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kò kú. Lóòótọ́, Makarios, ààrẹ Cyprus, wà ní Enugu, olú-ìlú Ìlà-Oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àlejò, ìyẹn sì lè wà lára ìdí rẹ̀. Lóòótọ́, Méjọ̀ Adéwálé Adémóyègà, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tó dìtẹ̀. Unegbe tó kú sì jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn méjọ̀ náà, ìtumọ̀ tí Àríwá fún un ni pé ẹ̀yà kan ló gbógun ti ẹ̀yà mìíràn. Ìtumọ̀ yìí ló ṣokùnfà ohun gbogbo tó tẹ̀lé e, ì báà jẹ́ òtítọ́ tàbí àṣìlóye.

Ọjọ́ 29, oṣù Keje, àti ogun abẹ́lé

Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1966, Ironsi fi Òfin 34 pa àwọn ẹkùn ìjọba rẹ́, ó ní kí gbogbo iṣẹ́ ọba di ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò. Ironsi bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri orílẹ̀-èdè láti pẹ̀tù sọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ó bá àwọn ọba àti ẹmíà sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, Lẹ́fútẹ́nántì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Adó-Èkìtì, ló sì gbà á sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, àwọn ọmọ ogun Àríwá yí ilé ìjọba ká. Wọ́n mú Ironsi, wọ́n mú Fájuyì pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì lẹ́yìn Ìbàdàn, lọ́nà Lálúpọn. Lẹ́fútẹ́nántì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Yakubu Gowon di olórí ìjọba.

Láti ibí yìí, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ń bí èkejì. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá 1966, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò ní Àríwá, àwọn tó kù sì sá padà sí Ìlà-Oòrùn. Ìpàdé Aburi ní Gánà, ní ọjọ́ 4 àti 5, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1967, kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Gowon pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn, kéde pé Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè Bìáfúrà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Keje.

Ọjọ́ 29, oṣù Keje kan náà ni Gowon fúnra rẹ̀ bọ́ lórí oyè ní 1975, nígbà tí ó lọ sí ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Kampala. Ọdún mẹ́sàn-án géérégé sí ọjọ́ tí ìdìtẹ̀ tó gbé e gorí ìjọba wáyé ni, a sì rí lára àwọn tó ṣe ti 1966 nínú àwọn tó ṣe ti 1975. Àìsínílé rẹ̀ ló fún wọn láyè. Murtala Muhammed ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970

Ọgbọ̀n oṣù ni ogun náà fi jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1970, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí ní gúúsù ya ohun tó kù nínú ilẹ̀ Bìáfúrà sí méjì. Owerri bọ́, Ojukwu wọ bàálù lọ sí Ivory Coast. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní, igbákejì rẹ̀, Philip Effiong, sọ lórí rédíò pé kí àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà dẹ́kun ìjà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Dodan Barracks ní Èkó, wọ́n fi ìwé ìtúúbá lé Gowon lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rin géérégé ló wà láàárín òru Kàdúná àti ọjọ́ Dodan Barracks. Agbára tó tán lójú ogun ló mú ọjọ́ kejì dé, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ìdí kan ló so wọ́n pọ̀, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka ohun tó bí ìtúúbá náà sẹ́yìn, ìgbésẹ̀ kan sí ìkejì, yóò bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Sàdáúnà.

Gowon sọ pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ọmọ Ìgbò padà, kò sì sí ẹjọ́ àwọn aṣíwájú ogun bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ṣe. Síbẹ̀, 20 pọ́n-ùn péré ni wọ́n fún àwọn tó ní owó ní báńkì ní àkókò Bìáfúrà, iyekíye tí ì báà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti orí rẹ̀ di òtòṣì.

Ṣáájú ogun náà, ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, nítorí ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba gbé ìrántí náà lọ sí ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní. Lọ́dọọdún, ààrẹ ń gbé òdòdó sí ibi ìrántí ní Àbújá, àwọn gómìnà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní olú-ìlú wọn, wọ́n ń fun kàkàkí ológun, wọ́n sì ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí ó fò lọ. Àwọn ọmọ ogun tó kú ni ètò náà wà fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń wo ẹyẹlé náà pé ọjọ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun pa àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ní Kàdúná, Ìbàdàn àti Èkó.

Àwọn ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀

Títí di 1966, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni ní 1957, Àríwá gba tirẹ̀ ní 1959, kò sì sí ẹni tó lè fi ìfọwọ́sí kan pàṣẹ fún àwọn méjèèjì. Ìjọba ológun ló fòpin sí èyí. Ẹni kan tó wà ní Èkó, tàbí ní Àbújá lẹ́yìn náà, á fọwọ́ sí òfin kan, àtúnṣe á sì dé Sókótó àti ilẹ̀ Yorùbá lọ́jọ́ kan náà.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, Sókótó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbàdàn di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Èkó dá dúró, Ìlọrin sì kúrò lábẹ́ Kàdúná. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ Irikefe, Murtala sọ ìpínlẹ̀ 12 di 19. Sókótó yà kúrò lára Niger, Ìwọ̀-Oòrùn sì di Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọjọ́ yẹn náà ni Kánò ṣubú ní 1903, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ lásán ni. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Murtala lò lẹ́yìn ìkéde náà kí wọ́n tó pa á ní Èkó.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ yàtọ̀. Ní ọjọ́ yìí ní 1985 ni Ibrahim Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ Muhammadu Buhari. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́fà lórí oyè, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, ó dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Wọ́n gé Kebbi lára Sókótó, wọ́n sì gé Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Bákan náà ni Sani Abacha lo ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ní 1996, láti dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀. Wọ́n gé Zamfara lára Sókótó, wọ́n sì gé Èkìtì lára Oǹdó.

Ohun tí èyí dà lójú ará ìlú hàn kedere bí a bá tò ó ní méjì-méjì. Ẹni tí wọ́n bí ní Gusau ní 1960 àti ẹni tí wọ́n bí ní Adó-Èkìtì lọ́dún náà ti gbé lábẹ́ ìjọba mẹ́rin láìkúrò nílé: Ẹkùn, Ìpínlẹ̀ 1967, Ìpínlẹ̀ 1976 àti Ìpínlẹ̀ 1996. Ọjọ́ kan náà ni àyípadà ń dé bá àwọn méjèèjì. Bí ti Birnin Kebbi àti Òṣogbo ti rí nìyẹn, àfi pé 1991 ni tiwọn ìkẹyìn. Ẹni tó wà ní ìlú Sókótó àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn, orúkọ tí wọ́n gbà ní 1976 ṣì ni wọ́n ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti dínkù.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2026 ni Sókótó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó pé 50 ọdún gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀.